Àṣẹ Tí Kíkẹ́ Kò Pa Rẹ́

Bí Bùrọ̀dá Festus bá rẹ́rìn-ín ní Jahi, ní Àbújá, àwọn ẹja inú omi ní ọjà Kado á yíjú padà. Ẹnu rẹ̀ yìí ló fi kó gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọnú òwò bítíkọ́ìnì ní ìparí ọdún 2017. Nígbà náà, owó orí fóònù yìí ń sáré gòkè bí ẹni tí oyin ń lé, débi pé àwọn kan ti ń fi èrè tí wọn ò tíì rí pín ilẹ̀ fún àwọn àna wọn.

Kíkẹ́olúwa, akọ̀wé kékeré ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, fi owó fìríìsà rẹ̀ sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣa owó náà jọ bí adìẹ ti ń ṣa yangan, kó lè ra fìríìsà ńlá, kó máa ta ẹja ní Kado. Òun nìkan nínú wọn ló fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀pù-lọ́ọ̀sì sílẹ̀: bí iye bítíkọ́ìnì bá já dé ibi tí òun fi àmì sí, kí wọ́n ta tòun kíá, kó má bàa bá a lọ sí ìsàlẹ̀ kànga.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 dé, ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ wọnú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù ò gbọdọ̀ wọlé. Màmá Ẹfúnróyè tó ń ṣọ́ géètì gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ le ju ti kọ́sítọ́ọ̀mù lọ.

Bí Festus ṣe yọjú wo fóònù Kíkẹ́, tó rí àṣẹ náà, ó lọgun.

"Sísítà! Kí leléyìí? Ẹ wá wò ó o! Ẹni tó fẹ́ wọlé gbàdúrà ti gbẹ́ sàréè de ẹ̀rí rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú sẹ́kẹ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin náà mà ń de bẹ́líìtì nínú mọ́tò. Ṣé jàǹbá lẹ ń retí ni?"

"Ti àwọn Róòdù Séfútì nìyẹn! Ìgbàgbọ́ tìrẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Pa á rẹ́! Àbí ta ló máa bá ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí fóònù bá ti kú sínú apẹ̀rẹ̀, áńgẹ́lì?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wa tà á ni àṣẹ náà wà, sà. Fóònù ìbáà kú, kó tún jíǹde."

Àmọ́ gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Aṣáájú wọn ni Festus. Ẹni tó bá ta kò ó, wọ́n á máa fi ṣe àpẹẹrẹ aláìgbàgbọ́ títí Jésù á fi dé. Àtàǹpàkò Kíkẹ́ rọ̀ sórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Ó wá rántí fìríìsà rẹ̀, ó tiẹ̀ rí ọmọrí rẹ̀ lójú ọkàn.

"Àdúrà ni mo bá wá, sà. Ibi tí àdánù máa mọ, mo ti fi àmì sí i." Ó sọ fóònù sínú apẹ̀rẹ̀, gbàgà!

"Yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Màmá Ẹfúnróyè wí. "Ó yá, ẹni tó kàn."

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, wọ́n jáde. Bí fóònù ṣe ń tàn ni igbe ń sọ. Bítíkọ́ìnì ti já bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àpáta Aso, tí kò rí koríko kan dì mú. Festus, tí ohùn rẹ̀ ń jí àwọn tó sùn ní Maitama, kò lè ké bíi yànmùyánmú. Ìdajì owó rẹ̀ ti yọ́ bí òrí.

Kíkẹ́ tan tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló bá níbẹ̀: wọ́n ti tà á. Lórí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n tà á! Owó náà dín, bí ìgbà tí eku bá jẹ etí àkàrà. Àkàrà ṣì wà níbẹ̀.

Ó gbé àyà síwájú, ó gba ẹnu géètì kọjá bí ìyàwó gómìnà, gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́rin pàápàá.

Fìríìsà tó rà tóbi débi pé ọjọ́ tó dé Kado, àwọn ará Maitama wọ súwẹ́tà. Kò pẹ́ tí Festus fi wá ra ẹja. Ó san owó tán, kò lọ. Ó ń họ orí.

"Sísítà Kíkẹ́, ibo ni wọ́n ti ń tẹ nǹkan ọjọ́sí yẹn?"

Kíkẹ́ nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ẹ mú fóònù yín wá, sà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè bí ẹ ṣe sọ tèmi sókè: èló lẹ lè pàdánù tí oorun ò ní dá lójú yín?"

Festus wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ohùn sókè, ó sọ ọ́.

Gbogbo ẹja Kado yíjú padà, títí kan àwọn tó wà nínú yìnyín.