Orúkọ Adépéjú Lẹ́nu Iṣẹ́

"Ta ní ń jẹ́ Adépéjú níbí?"

Obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa kò tilẹ̀ kí wa. Hìjáàbù rẹ̀ ti gbó létí, eruku sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Adépéjú gbójú sókè. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti lọ sìnkú ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, mà. Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Kí ni ọmọ mi ṣe fún yín?"

Gàníyátù lorúkọ rẹ̀, ará Ìlọrin ni. Ṣítù, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ ìjọba, ti kú lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n òfin gbà kí wọ́n ṣì máa tọ́jú aya àti ọmọ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tiwa ló ń fọwọ́ sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín Latifah, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní pírámárì, ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, ọsibítù kò ní fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún un níbẹ̀ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Adépéjú kọ̀, ó tún kọ̀.

"Èmi kẹ̀? Mi ò sí ní Àbújá, mà!"

Ẹ jẹ́ kí èmi Fèyí sọ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé sórí ojú-ewé iṣẹ́ láàárọ̀ kì í jáde mọ́, torí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù láti fi dá wa mọ̀ lè má dé títí di ọ̀sán. Bí a bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, a máa ń ṣí i sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí Adépéjú fẹ́ lọ sìnkú, ọ̀gá wa, Akínjídé, pè é. Ọ̀gá yìí náà ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Àbújá. Òun ló kó èrò wá bá a kẹ́dùn. Ó ní, "Péjú, wọlé sórí láàpútọ́ọ̀pù mi kí o tó lọ, kí iṣẹ́ má baà dúró. Má wulẹ̀ jáde." Ta ni yóò sọ pé rárá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó kúnlẹ̀, ó wọlé, ó dúpẹ́, ó lọ.

A rò pé ọ̀kan nínú wa ni yóò jókòó síbẹ̀. Àṣé ọ̀gá ti ní ètò kan tó ń gba ìwọlé tí ènìyàn bá ṣí sílẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, tó sì ń fà á lé ẹ̀rọ olóye lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Éé-Áì. Ẹ̀rọ náà á wá máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé Adépéjú ló jókòó síbẹ̀. Kò nílò páswọ́ọ̀dù, kò nílò nọ́ńbà kankan. Bí nǹkan kan bá rú Adépéjú lójú, ó máa ń tẹ aláìsàn láago kó tó sọ pé rárá sí ìbéèrè rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í tẹ ẹnikẹ́ni láago.

Adépéjú ṣí ojú-ewé náà. Ó rí orúkọ Latifah, ó rí i pé wọ́n ti kọ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó fẹ́ yí i padà, kò gbà. Ọ̀gá nìkan ló lè tún ṣí ohun tí a bá ti parí. A sáré lọ bá a.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́la wá wo iṣẹ́ yìí," ọ̀gá ní. "Gbogbo ìbéèrè tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ ti yanjú wọn! Bí mo bá wá ń ṣí ọ̀kan padà báyìí, wọn á ní ó ń ṣàṣìṣe."

"Ọ̀gá, ọmọ náà ń kú lọ."

"Bí àlejò bá ti lọ, Péjú. Ọ̀la ni mo sọ, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀."

Kai! Mo fẹ́ fèsì, Adépéjú tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń pè é ní Dádì.

Àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò. Wọn ò tíì kúrò tí Latifah fi kú.

Nígbà tí ariwo ta, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Adépéjú mú fọ́tò ìsìnkú ìyá rẹ̀ dání láti fi hàn pé òun ò sí nílùú. Wọ́n ní ta ló wọlé? Òun ni. Wọ́n ní ta ló kọ̀ láti jáde? Òun náà ni. Ọ̀gá Akínjídé jókòó sáàrin ìgbìmọ̀, ó ń wo èékánná rẹ̀. Wọ́n gba káàdì ọrùn Adépéjú, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ kí ìyá ọmọ náà. Mo bá a lọ sí Orozo, lẹ́bàá Àbújá, níbi tí obìnrin náà ń gbé. Gàníyátù wà lórí ẹní. Kò lé wa, kò sì kí wa káàbọ̀. Adépéjú ṣàlàyé títí: láàpútọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ, ìwọlé tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Kì í wá ṣe ẹ̀yin?"

"Kì í ṣe èmi, mà."

"Ta wá ni kí n bi?"

Adépéjú bú sẹ́kún. Ibi tó ti ń sunkún ni fóònù kan ti dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ti Ṣítù ni, obìnrin náà ní. Òun ò lè pa á, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì wa ń gbà wọlé, ọsibítù sì ti tún fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ kí ọmọ tó kú. Òun ò gbọ́ òyìnbó.

"Ẹ bá mi kà á." Ó na fóònù náà sí Adépéjú.

Adépéjú kà á sínú. Èmi náà kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fọwọ́ sí ìtọ́jú Latifah, torí Ṣítù, baba rẹ̀, kò tíì fúnra rẹ̀ fèsì pé òun fara mọ́ ọn. Kó tètè fèsì. Òní ni wọ́n kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ tí Adépéjú fi wà nílé, kò sẹ́ni tó ti ìwọlé rẹ̀ pa.

"Kí ni wọ́n wí?" Gàníyátù bi í. "Ta ló kọ ọ́?"

Adépéjú tún wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

"Adépéjú ni, mà," ó ní.