Fóònù Tó Kúnlẹ̀ Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ìdánwò ẹnu yín di ọ̀la, ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ etí. Bí mo bá dá àlá tí mo lá lóru àná gbé mì, inú á run mí. N ó rọra sọ ọ́, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi ẹ̀rín.

Ẹ mọ̀ mí, àmọ́ ẹ ò mọ̀ mí. Ìbídùn ni orúkọ tí ẹ máa ń rí lójú fóònù nínú kíláàsì wa, pẹ̀lú àwòrán òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni ìyá ọlọ́mọ méjì tó fi Yunifásítì sílẹ̀ nígbà tí oyún àkọ́kọ́ dé, tó wá ń fi fóònù parí oyè náà nínú pálọ̀, láàárín ìkòkò ọbẹ̀ àti aṣọ fífọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi a máa sọ bí wọ́n ṣe ń sá fún wolé-wolé láyé àtijọ́, tí wọ́n á sáré gbé ìkòkò omi ìdọ̀tí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ò fẹ́ sá fún wolé-wolé o. Èmi gan-an ni mo fẹ́ di wolé-wolé, àmọ́ kì í ṣe ti ìkòkò, ti odò ni. Odò Atẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ti di ibùsùn ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, bí òjò bá sì ti rọ̀, odò náà á wọlé wá bá wa láìkan ilẹ̀kùn. Àyè iṣẹ́ kan wà fún mi ní ọ́fíìsì àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, wọ́n ní kí n ṣáà mú ìwé ẹ̀rí wá. Mo mọ̀ lóru àná pé bí mo bá kùnà ìdánwò tòní, ó di ọdún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi àga sílẹ̀ lófìfo dè mí títí di ìgbà yẹn.

Ó ku ẹnì kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: Ìyá, ìyá ọkọ mi. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Ìyá kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Bí o bá kí i lóòró, á wo ẹ̀yìn rẹ, á ní, "Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn? Ṣé igi ni àbí ènìyàn?" Ó ní òbúkọ kan tí à ń pè ní Kánsílọ̀, torí pé kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kì í jẹ.

Ó dáa. Mo sùn.

Mo bá ara mi nínú pálọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, fóònù sì wà lórí tábìlì, ó fara ti ìgò epo. Fóònù náà wúkọ́. Ó ní, "Ìbídùn, o ti jẹun. Èmi ńkọ́?"

Mo ní kó má bínú, pé wọn ò tíì mú iná wá.

"Ta ló ń sọ ti iná? Ẹ̀kọ ni mo fẹ́ jẹ."

Mo ṣí ẹ̀kọ kan fún un, mo fi mọ́ínmọ́ín tì í. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní òun ti yó, àmọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nílé. Mo bi í pé ibo ló lọ. Ó ní kí n wo orí táǹkì omi aládùúgbò wa. Mo jáde, mo wòkè. Lóòótọ́, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jókòó sórí táǹkì yẹn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ síngílẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìdánwò mi ti tó."

"Kí èmi sọ̀ kalẹ̀ kẹ̀? Pẹ̀lú ooru ìsàlẹ̀ yẹn? Ẹ gbé ilé yín gòkè wá."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo padà wọlé, mo di ògiri mú, mo sì gbé ilé. Kò wúwo. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ fà yọ wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá fa ẹ̀fọ́ tu lẹ́yìn òjò. Atẹ́gùn gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé wa lọ díẹ̀, ó sì gbé wa kalẹ̀ sórí Odò Atẹ́rẹ́. Ọ̀rá pọ̀ lójú omi débi pé ilé wa ò rì. Ó kàn jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù.

Bí mo ṣe ní kí n mí kanlẹ̀ ni ọ́fíìsì Yunifásítì léfòó dé láti òkè odò. Odindi ọ́fíìsì o, pẹ̀lú fáìlì, pẹ̀lú fáànù, pẹ̀lú akọ̀wé obìnrin kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ tu ú. Ó kígbe pé, "Ẹ fún wa láyè, a fẹ́ páàkì!" Mo sún aṣọ tí mo sá kúrò lọ́nà fún wọn.

Wọ́n páàkì, àmọ́ wọn ò wọlé. Wọ́n ní ìlànà ni pé inú fóònù la ti gbọ́dọ̀ rí ara wa. Bí wọ́n ṣe jókòó sí ọ́fíìsì wọn nìyẹn, tí èmi jókòó sí pálọ̀ mi, fèrèsé wa kọjú síra débi pé mo lè na ọwọ́ bu iyọ̀ lórí tábìlì wọn, a sì ń wo ara wa nínú fóònù.

Fóònù tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèékànmí ló kọ́kọ́ yọjú, ó dé fìlà pupa. Kí n tó rò ó, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ dà?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ògiri nìkan ni mò ń rí."

"Mo wà nílẹ̀ níbí, sà. Mò ń kí yín ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ tábìlì?"

Mo dìde, ojú rẹ̀ sì tú ká. Àmọ́ bí mo ṣe dìde ni Dókítà Àjíbógundé wọlé tì í, ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Orúnkún mi tún kanlẹ̀. Mo tún pòórá. Mo dìde, akọ̀wé obìnrin náà yọjú, òun náà sì dàgbà jù mí lọ. Mo tún lọ sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Ọmọ yìí ń ṣe bí ẹja. Ó ń yọrí, ó ń rì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ò wá. Ṣùgbọ́n kí ìrìn wa má baà já sí asán, ẹ jẹ́ ká bi ògiri tó wá léèrè."

Ògiri gbà. Ògiri pálọ̀ wa náà ni mò ń wí, èyí tí kàlẹ́ńdà àtijọ́ kọ́ lọ́rùn. Ó tún kàlẹ́ńdà rẹ̀ ṣe bí ẹni tún táì ṣe.

"Ògiri, kí lo mọ̀ nípa ìkún omi?"

"Ó dé ìdí mi rí, sà," ògiri dáhùn, ó sì fi ibi tí ọ̀dà ti bó hàn wọ́n.

"Áà! Ẹlẹ́rìí gidi nìyí!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Dókítà ní ká fún un ní máàkì tó pọ̀ jù.

Mo rí i pé ògiri fẹ́ gba oyè lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kò burú, ògiri náà ṣáà ti ṣe sùúrù, kò sí lẹ́kíṣọ̀ kan tí mo gbọ́ tí òun ò bá mi gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ògiri ṣe fẹ́ máa lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀? Inú bí mi. Mo pinnu pé n kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo dìde, mo dúró ṣánṣán, mo ní, "Ẹ káàsán o."

Fáànù wọn dúró. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé wọ́n ti di mẹ́rin nínú fóònù. Ìyá ló jókòó sí àárín wọn, ó wọ aṣọ dúdú àwọn ọ̀mọ̀wé lé ìró àti bùbá, wọ́n ní òun ni olùdánniwò tó ti ìta wá.

"Ẹ wò ó," Ìyá ní, "ìyàwó tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà wọlé. Lóòró!"

Ọ̀rọ̀ náà ti àwọn yòókù lójú jù. Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n Dókítà. Ìwo méjì gún fìlà pupa Ọ̀jọ̀gbọ́n láti inú. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti di ewúrẹ́, àfi Ìyá. N kò bẹ̀rù rárá. Mo kàn rò pé bóyá bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń rí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí odò náà ni wọ́n kọ́kọ́ ki ẹnu bọ̀.

"Ó dùn," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, ó ń jẹ ẹ́ wọ́mú-wọ́mú, "àmọ́ ìparí rẹ̀ ò níyọ̀."

Ọ̀rọ̀ wá sú mi. Bí mo bá kúnlẹ̀, wọn ò ní rí mi. Bí mo bá dúró, mo di ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Mo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ odò, mo sì sunkún gidi.

Odò Atẹ́rẹ́ wúkọ́, ọ̀rá kan fò jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùn, bí o bá wá pọnmi lọ́dọ̀ mi, ṣé èbúté lo máa ń gbé garawa sí, tí wàá wá bẹ̀rẹ̀ lásán?"

"Rárá o. Mo máa ń mú un lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Kí wá ni fóònù ń ṣe lórí tábìlì?"

Mo bojú wẹ̀yìn wo tábìlì. Odò náà tún wúkọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i, kí n má gbàgbé òun. Mo ní n kò jẹ́ gbàgbé.

Mo sáré wọlé, mo ní kí fóònù sọ̀ kalẹ̀ kó kúnlẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi? Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni mí o. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn, ọwọ́ là ń jù."

Ìyá yọ orí jáde láti inú gíláàsì, ó fa fóònù létí. "O jẹ ẹ̀kọ ilé mi, o ní o ò ní kúnlẹ̀?"

Fóònù yọ orúnkún méjì jáde, n kò mọ ibi tó ń kó wọn pamọ́ sí tẹ́lẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi. Èmi náà kúnlẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Àwọn ewúrẹ́ rí mi kedere, wọ́n fi pátákò pàtẹ́wọ́, Ìyá náà sì mi orí díẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe.

"Ìbéèrè kan péré," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Kí ló ṣe Odò Atẹ́rẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ìdáhùn yẹn ju orúkọ mi lọ. Mo la ẹnu, mo ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Kánsílọ̀ ló dúró sí ojú fèrèsé, òun ló ń ké, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan sì ń fì lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré jáde, mo fà á, ó fà á, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rá bá wọ inú ẹran, ẹran náà kì í sábà yè é. Mo mú ọ̀rá náà lọ́wọ́ wọ pálọ̀ padà, bí Ìyá sì ṣe ń jáde láti yàrá nìyẹn. Orúnkún mi kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbójú sókè wo tábìlì. Fóònù wà níbẹ̀, bí mo ṣe tò ó sílẹ̀ de ìdánwò, ó fara ti ìgò epo, ó ń wo òkè orí mi kọjá, kàlẹ́ńdà ara ògiri ló tẹjú mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ìyá ní. "Ṣé èmi ni?"

"Rárá o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àpótí yín."

Àpótí yìí ni Ìyá máa ń jókòó lé bó bá ń din àkàrà, kì í sì í yá èèyàn. Ó bi mí pé kí lòun ó wá jókòó lé, ṣé iná ni? Síbẹ̀ ó gbé e fún mi, ó ń kùn lọ.

Àkókò tó, fóònù tàn lórí àpótí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ló yọjú láàárín àwọn olùdánniwò yòókù, kò ní ìwo. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo dán wò láàárọ̀ yìí, ògiri ni wọ́n fi ń kí mi. Ti àwọn ọkùnrin burú jù, àga òfìfo ni. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí orí rẹ̀."

Ó wá bi mí pé kí ló ṣe Odò Atẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí láti la ẹnu, kó má lọ jẹ́ pé mo tún fẹ́ ké bí ewúrẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ jáde. Mo sọ bí ọ̀rá ṣe ń dí afárá, bí omi ṣe ń wá ọ̀nà gba inú ilé, àti ohun tí àdúgbò lè ṣe sí i. Wọ́n béèrè ẹ̀rí, mo gbé ọ̀rá Kánsílọ̀ sókè, itọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo gbàgbé láti dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà tí wọ́n fi sọ fún mi pé mo yege, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

"Ṣé ìwọ àti àwọn àlejò rẹ ò tíì ṣe tán ni?" Ìyá pariwo láti ìdáná. "Epo mi ti gbóná o!"

Torí náà, ẹ̀yin tó kàn lọ́la, ẹ tètè wá àpótí. Ti Ìyá ò ṣeé yá mọ́, ó ti jókòó lé e. Kánsílọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń wo èmi náà bí ọ̀dájú. Mo ní kó má wò mí bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni mí.