Ìṣẹ́jú Méjìdínlógún

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Kothandam fi jẹ́ ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin lẹ́bàá Kumbakonam. Kò parọ́ àkókò rí. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan ni yóò kọ sínú ìwé. Àwọn tó jù ú lọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa fojú fo díẹ̀. Kò fojú fo nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jalè, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló jí. Ara àkókò ìbí ọmọ rẹ̀ ló ti jí i.

Tamarai ni ọmọ náà. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín débi tí àwọn aládùúgbò á fi yọjú. Ìdílé mọ́kànlá ti béèrè ìwé ìràwọ̀ rẹ̀ fún ọmọ wọn, ìwé tí awòràwọ̀ fi àkókò ìbí ṣírò. Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Ìdílé kan tilẹ̀ fi ọ̀pá ju ìwé náà wọlé láti ojú wíńdò, kí ọwọ́ wọn má baà kàn án.

Sẹfai ló fà á. Sẹfai ni ìràwọ̀ pupa, jagunjagun, ẹni tó ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lákòókò tí wọ́n bí Tamarai, inú ilé kẹjọ nínú ilé méjìlá ojú ọ̀run ni Sẹfai jókòó sí, ilé ikú. Ọkùnrin tó bá fẹ́ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, kó yáa ra igi tí wọn ó fi sun òkú rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló gbà bẹ́ẹ̀. Kothandam náà gbà bẹ́ẹ̀.

“Ká ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún ṣáájú ni wọ́n bí i,” ni awòràwọ̀ wí, “Sẹfai ì bá ṣì wà ní ilé kẹsàn-án. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀.” Ó wo òkè bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Sivakami, ìyàwó Kothandam, wo ọkọ rẹ̀. Kothandam mú báírò.

Kò pé oṣù méjì tí ìwé tuntun jáde tí ọ̀ràn fi yanjú. Duraisami tó ń ta ìkòkò idẹ ní Kumbakonam fẹ́ Tamarai fún Ilango, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún ẹ̀rọ ìfami ṣe. Àwọn ọmọ rí ara wọn, ojú wọn kò kúrò lára ara wọn mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí etí wọn á fi gbóná. Ó ku kí ìdílé méjèèjì pààrọ̀ àwo ewé àti àgbọn. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn, àdéhùn ìgbéyàwó ti dúró.

Ìdùnnú gba ilé kan. Kothandam nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó mọ iṣẹ́ àsíá. Ewu wà lójú irin, òun sì ń fi àsíá àwọ̀ ewé sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àwo kó tó di mẹ́wàá ààbọ̀. Láti mẹ́wàá ààbọ̀ títí di ọ̀sán gangan lọ́jọ́ Ẹtì, Rahu ló ni ín, ejò tó ń gbé oòrùn mì. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ohun rere lákòókò rẹ̀.

“Bàbá Tamarai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀,” ni Sivakami wí.

“Mò ń rẹ́rìn-ín.”

“Níbo?”

Àwọn àlejò dé. Duraisami ló ṣíwájú, ó fẹ̀ bí ìkòkò tó ń tà. Ilango tẹ̀ lé e, ẹ̀wù tuntun lọ́rùn, ojú ibi tí wọ́n ti ká ẹ̀wù náà ṣì hàn lára rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló kẹ́yìn, kò ní eyín kan lẹ́nu. Angammal ni, ìyá Duraisami.

“Ṣé ẹ dín nǹkan ni,” ni Angammal bèèrè kó tó jókòó, “àbí òórùn lásán lẹ fẹ́ fi ṣe wá lálejò?”

“A dín in, Màmá àgbà. Ó ń bọ̀.”

Duraisami ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ iye tí idẹ di lọ́jà nígbà tí Tamarai gbé kọfí jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà bò tí wọ́n dín wà nínú àwo. Ilango mú ọ̀kan. Ó wo Tamarai, ó gbàgbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì lódindi.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti Sẹfai fúnra rẹ̀.

Kothandam ti fò dìde. Ó gbá ọmọkùnrin náà lẹ́yìn gbàgà. “Ó ti dé o! Ó ti bẹ̀rẹ̀!”

“Kí ló bẹ̀rẹ̀?” ni Duraisami kígbe.

“Sẹfai! Ìṣẹ́jú méjìdínlógún! Èmi ni mo jí i! Tu ú dànù, ọmọ mi, tu ú!”

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ta jáde. Inú kọfí Duraisami ló bọ́ sí.

Ilango ń mí. Kothandam dúró ṣánṣán bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀.

“Mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá àárọ̀ ni wọ́n bí ọmọ mi,” ni ó wí. “Mo kọ ọ́ ní mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ilé kẹjọ ni Sẹfai wà. Ẹ máa mú ọmọ yín lọ kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Sivakami fi aṣọ bo ojú. Tamarai kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ̀rín kan ló kọ́kọ́ dún. Angammal ni. Ó rín, ó fọwọ́ gbá itan, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Duraisami, sọ fún un.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́.”

Duraisami wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú kọfí rẹ̀. “Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré.

“Kí ni?” ni Kothandam bèèrè.

“Ti Ilango. Ilé keje ni Sẹfai tirẹ̀ wà. A sún àkókò ìbí rẹ̀ síwájú, ó bọ́ sí ilé kẹfà.”

“Ọmọ yín ì bá pa ọmọ mi!”

“Ọmọ tiyín ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?”

“Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n! Ọkọ̀ mẹ́ta á ti kọlu ara wọn!”

“Ẹ̀yin dín in kù, olè nìyẹn. Àwa fi kún un. Ọrẹ la ṣe.”

“Ẹ jókòó!” Angammal fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Sẹfai ni? Siva, òrìṣà ńlá, wà nínú àṣàrò, òógùn iwájú orí rẹ̀ kán sílẹ̀. Òógùn náà di ọmọ, ó pọ́n bí iná. Siva kò bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ló gbé e, ó fún un lọ́mú, ó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tí kò rí bàbá nílé, tí kò rí ẹni bá ṣeré, ṣé kò ní máa ju òkúta lu ilé onílé? Ẹ wá fi méjì irú rẹ̀ sínú yàrá kan. Wọn á máa bá ara wọn jìjàkadì. Wọn ò ní ráyè ti onílé.”

Kothandam mọ òfin náà. Gbogbo awòràwọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí Sẹfai ń dà láàmú, kó fẹ́ irú ara rẹ̀, ó tán. Ká ní wọ́n kọ òótọ́ ni, ọjọ́ kìíní ni wọn ì bá ti so àwọn ọmọ wọ̀nyí pọ̀. Nǹkan kan tú nínú àyà rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú ìjánu ọkọ̀.

Tamarai yíjú padà. Kò sunkún rárá. Ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ.

“Ìwọ mọ̀?” ni Kothandam wí.

“Láti ìgbà tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Bàbá. Mo ní kó má fẹ́ mi, màá pa á. Ó ní òun ló máa kọ́kọ́ pa mí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹ̀yin bàbá méjèèjì lẹ ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni Ilango dáhùn. Ohùn rẹ̀ ṣì há.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Duraisami. Ó ti dìde. “Àwa ni wọ́n wá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó lè jí àkókò ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ni kò lè jí? Ilango, ó yá, ká lọ.”

“Ẹ máa lọ,” ni Kothandam wí. “Ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun jẹ̀bi, mi ò fẹ́ ẹ lána.”

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó wo Tamarai. Abọ́ kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ìdílé mọ́kànlá yẹn lọ, ó fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wo Ilango bí ẹni tó wà létí ojú irin, tí ọkọ̀ ti ṣí.

Kothandam rékọjá ẹní, ó di ọwọ́ Duraisami mú.

“Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ dákun.”

Duraisami wo ọwọ́ náà. Ara rẹ̀ rọ̀. “Èmi náà jẹ̀bi.”

“Tèmi burú jù.”

“Rárá o. Mo fi ìṣẹ́jú méje jù yín.”

“Èmi tí mò ń ṣọ́ àkókò ni kò yẹ kó ṣe é.”

“Èmi tí mo ní ìyá láàyè tó kìlọ̀ fún mi ńkọ́?”

“Ẹ gbà mí o!” ni Sivakami pariwo. “Aago mélòó ló lù?”

Gbogbo ojú kọjú sí Kothandam. Nílé ọ̀gá ibùdó, ẹlòmíràn kì í sọ àkókò.

Ó fa aago rẹ̀ yọ. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Rahu ti wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ rere mìíràn di oṣù tó ń bọ̀, ohun tí ìjà lè sọ àwọn ọkùnrin méjì dà láàárín oṣù kan, ó mọ̀ ọ́n.

Ó wo aago náà pẹ́.

“Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,” ni ó wí.

Ilango ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Duraisami wo aago wúrà ọwọ́ rẹ̀, ó fa apá ẹ̀wù bò ó.

“Kí lẹ wá ń dúró dè?” ni Angammal wí. Àwo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ló kù.”

Wọ́n pààrọ̀ àwo. Ewé já bọ́, àgbọn kan yí lọ sábẹ́ àga, Tamarai ló sáré tẹ̀ lé e, òun àti Ilango sì forí gbárí lábẹ́ àga náà. Ẹ̀rín wọn mú kí àwọn aládùúgbò yọjú.

Duraisami sún mọ́ Kothandam. “Àna mi,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “aago yín yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Ó ṣiṣẹ́ dáadáa,” ni Kothandam dáhùn.