Àyè Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Obed

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ ní kí Ìkẹ́olúwa Ọládipọ̀ bá wọn ya máàpù ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kúdẹtì, kíá ló gbà. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe jẹun. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, àwọn tó ń jà sí ààlà ilẹ̀ baba wọn ló sì ń wá a jù. Ó rò ó pé òkú kì í bára wọn ja ààlà, pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni yóò jẹ́.

Wọ́n ro igbó ibẹ̀ tán, òun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á dúró lẹ́sẹ̀ oórì kan, á ya fọ́tò òkúta rẹ̀, á tẹ orúkọ àti ọdún tó wà lára rẹ̀ sínú fóònù, àmì pupa á sì yọ lórí máàpù ní ojú ibẹ̀ gan-an. Ìjọ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ èèyàn rẹ̀, ìbáà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ibi tó sùn sí, torí òjò ti ń pa orúkọ rẹ́ lára òkúta, àwọn àgbà tó mọ ẹni tó wà níbì kan sì ń kú lọ.

Ẹ̀bá ògiri, níbi tí omi gọ́tà ìta ti ń ya wọlé, ló ti kan òkúta kékeré kan tó dojú bolẹ̀. Ó gbé e dìde, ó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. *Obed Ọládipọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà.*

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n tí kò rí sójú rí. Ibà ló pa á kí wọ́n tó bí òun. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní pálọ̀ ilé wọn, tòun ti ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Bàbá wọn kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí òun náà fi kú. Màmá wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ẹbí ọkọ ló gbé e lọ nígbà tí àwọn obìnrin di ìyá rẹ̀ mú nínú yàrá, tí wọ́n ń wí fún un pé omi ló dà nù, agbè kò fọ́.

Ìkẹ́olúwa dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó lè fo òkúta yẹn, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti sọnù lẹ́nu gbogbo ará ilé wọn, òun kò lè tún fi ọwọ́ ara òun sọ ọ́ nù. Ó tẹ orúkọ rẹ̀ sí i. Kò sọ nǹkan kan nílé.

Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló fi máàpù náà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Bertha, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í fi fóònù ṣe ju kó fi gbọ́ àdúrà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ké pè é láti pálọ̀.

"Ìkẹ́, wá wo èyí fún mi. Ṣé Obed mi nìyí?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ṣé òun ni?"

"Òun ni, mà."

Màmá kò ké. Ó ń fi ìka fẹ máàpù náà lójú, ó ń fẹ̀ ẹ́ sí i, bí ẹni pé yóò kan ojú ọmọ náà níkẹyìn.

"Ẹ̀bá gọ́tà," ló wí. "Ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n gbé e sí."

"Wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni, mà. Wọ́n ní òbí kì í..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń gba ibẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò kí ń gbé ojú sókè. Ẹ̀rù ń bà mí pé mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì jọ lọ. Orúnkún ń ro Màmá, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa ọ̀rá tí àgbàrá wọ́ jọ sórí ọmọ rẹ̀. "Obed, màmá ẹ rèé," ló ń wí. "Màmá ẹ dé." Nígbà tó nàró, ó yíjú sí Ìkẹ́olúwa.

"Wo máàpù rẹ. Àyè wà fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Ògiri wà lápá kan. Olúsànyà, olùkọ́ ìjọ láyé àtijọ́, wà lápá kejì lábẹ́ kọnkéré, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

"Kò sí, Mọ́mì."

"Wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí okùn ìwọ̀n. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ọmọdé nìkan ló lè gbà.

Wọ́n lọ bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn. Fíkà ní ó dun òun, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti kún, pé ojú ọ̀nà Akàǹrán ni ìjọ ń sin òkú sí báyìí. Ìkẹ́olúwa ní ṣé wọn ò wá lè hú Obed, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Wọ́n ti gbé e lẹ́ẹ̀kan láì bi mí. Ẹ má gbé e mọ́."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Màmá ń lọ jókòó síbẹ̀. Jàmíù, bíríkìlà kan láti Ìsàlẹ̀ Òsì, bá wọn dí ihò ògiri, ṣùgbọ́n òjò kì í gba ojú ihò nìkan wọlé. Òjò kan pa Màmá níbẹ̀ títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ikọ́ tẹ̀ lé e. Ikọ́ náà kò lọ.

Ojú ọ̀nà Akàǹrán ni wọ́n sin ín sí. Àwọn èèyàn ń kí Ìkẹ́olúwa, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, ó sì ń dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n tú ká, kò bá wọn lọ sílé. Ó gba Kúdẹtì, ó lọ dúró níwájú òkúta kékeré náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún Obed. Ṣùgbọ́n kò mọ bí òun yóò ṣe pè é, torí ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ẹ̀gbọ́n òun sì ni.

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Obed," ló wí, "ẹ má bínú. Mọ́mì ò ní lè wá mọ́."