Ọwọ́ tí Byongtae Nà Sókè

"Insik, gbé àwòrán yẹn sílẹ̀ kí n tó fi ìgbakọ yìí là ẹ́ lórí!"

Insik rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń pá, Okrye ìyá rẹ̀ sì ṣì ń lé e kiri ilé wọn ní Gwangju bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Okrye fẹ́ sáré, orúnkún rẹ̀ dún kàù, ó bá di ògiri mú.

"Ẹ gbọ́ orúnkún! Ó ń pariwo ju olóṣèlú lọ," Okrye ní.

Oúnjẹ ìrántí òkú ti wà lórí tábìlì: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹran, ẹja, èso àti ọtí. Byongtae ni wọ́n tẹ́ ẹ fún, àbúrò Okrye, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì, tí àwọn sójà yìnbọn pa nínú ilé ìjọba ìpínlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, nígbà tí ará ìlú dìde sí ìjọba ológun. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí akọ̀ròyìn kan yà nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọ̀la. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó na ọwọ́ sókè, ó la ẹnu gbàgà.

"Ọ̀la ni màá dá a padà, Ìyá," Insik ní. "Ẹgbẹ́ wa fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ìpolongo ìbò. Ẹ wo ọwọ́ akọni! Ó ń pe ará ìlú sí òmìnira."

Sangmuk wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tùràrí. Ọkọ ọmọ Okrye obìnrin ni, ọmọ Daegu, ìlú tí òṣèlú wọn kì í bá ti Gwangju mu; èèyàn jẹ́jẹ́ ni àfi tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rí àwòrán yìí kan náà." Ó na fóònù síwájú. Wọ́n ti fi ìlà pupa yí orí Byongtae ká. "Wọ́n ní amí tí ìjọba ọ̀tá ní Àríwá rán wá ni. Wọ́n ní àmì ló ń fi ọwọ́ yẹn ṣe sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Wọ́n po irọ́ fún ẹ, o gbé e mì láìfi omi sí i!" Insik jágbe mọ́ ọn. "Níwájú oúnjẹ òkú!"

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi òkú wá ìbò ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Okrye jókòó sílẹ̀ gbì. "Amí! Byongtae tí í ṣìnà tó bá lọ ra iyọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí eyín àfibọ̀ rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́, ó fi ọwọ́ tì í padà. Ẹ̀rín náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi wò ó, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbé àwòrán yẹn fún mi."

Ó dojú férémù àwòrán náà bolẹ̀, ó fi ìdí ṣíbí tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé àwòrán náà wà ní kíká lápá kan. Láti ọdún márùndínláàádọ́ta kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òun. Okrye tẹ́ ẹ. Apá ọmọbìnrin kan yọ létí àwòrán, ó gbé abọ́ ńlá tí ìrẹsì ṣíṣù kún inú rẹ̀.

"Apá ta nìyí?" Sangmuk béèrè.

"Apá mi. Ó tín-ín-rín nígbà yẹn. Ẹ má wo èyí tó dà bí itan ẹlẹ́dẹ̀ yìí."

Okrye fi ìka tọ́ka sí abọ́ náà.

"Ẹnu ọjà la ti ń se ìrẹsì, tí à ń ṣù ú fún àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Èrò tò lọ bí èèrà. Byongtae gba ẹ̀gbẹ́ yọ, ó na ọwọ́: 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan péré! Ebi fẹ́ lu mí pa!' Àwọn obìnrin ń wò mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ ìyá mi ni mò ń bù fún. Mo ní, 'Ojú ò tì ẹ́, wọ̀bìà! Lọ sẹ́yìn, kò tíì kàn ẹ́.' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó lọ sẹ́yìn. Kó tó kàn án, ìrẹsì tán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí sójà fi ya wọ ilé ìjọba tó ń ṣọ́."

Ó fi ìka nu ojú àwòrán náà.

"Ó fẹ́ òmìnira, Insik. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ. Sójà ló sì pa á, Sangmuk, ohun yòówù kí fóònù rẹ máa wí. Ṣùgbọ́n ebi ló na ọwọ́ yìí. Èmi ni ó nà án sí."

Sangmuk ti fóònù bọ àpò. Ó ní, "Ìyá, iyọ̀ nìkan ni ẹ fi sí ìrẹsì yẹn?"

"Iyọ̀ nìkan. Ta ló rí òróró yànmọ̀tí rà nígbà yẹn? Lọ fọ ọwọ́ rẹ, ọmọ Daegu, wá bá mi ṣù ú."

Ó fọ ọwọ́, ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò ìrẹsì. "Yéè! Ó gbóná!"

"Bẹ́ẹ̀ ló gbóná lọ́jọ́ náà."

"Pátákó ńkọ́, Ìyá?" Insik béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Tí o bá máa tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ tòun ti abọ́ mi. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ebi ń pa á."

Insik wo àwòrán náà pẹ́. Kò gba inú férémù mọ́ báyìí tó ti di títẹ́. Ó gbé e padà sórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó fi ìgò ọtí gbé e dúró.

Okrye gba ìrẹsì ṣíṣù náà lọ́wọ́ àna rẹ̀. Kò wá ṣíbí tí wọ́n máa ń kì bọ ìrẹsì òkú. Ó gbé e síwájú ọwọ́ tó nà sókè yẹn nínú àwòrán.

"Byongtae," ó ní, "ó kàn ẹ́."