Kápútéènì Tó Pa Ilẹ̀kùn Dé Láì Tì Í

Ìsìmáílà ló sọ fún Àlàájì Ọdẹ́yẹmí pé ìjì gbé ọkọ̀ òkun àwọn gun orí yanrìn, ẹ́ńjìnnì kú, ọ̀ọ́dúnrún òyìnbó dọ̀bálẹ̀ wọ́n ń sunkún, ni òun bá bẹ́ sómi, òun fi eyín di okùn ọkọ̀ náà mú, òun sì fà á láti ibẹ̀ dé Hamburg. Ó ní nígbà táwọn dé èbúté, àbùùbùtán méjì ń fi ìrù pàtẹ́wọ́ fún òun. Àlàájì wo ẹnu rẹ̀, ó rí i pé eyín méjì ti ká níwájú, kò sì bá a jiyàn. Ó kàn ní kó máa lọ, pé ọjọ́ tó bá ti òkun dé pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn á jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Safurat ọmọ òun.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo tí Ìsìmáílà gùn rí láyé ni bààjì kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Kirikiri, ìdí rẹ̀ ò sì tíì kanlẹ̀ tí wọ́n fi lé e sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dágbére fún Safurat, Marine Beach ló wà, tó ń ru apẹ̀rẹ̀ ẹja fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Monday, tó sì ń fi àwọ̀n ṣe ibùsùn. Kì í fẹsẹ̀ kan Ajégúnlẹ̀ níbi tí ilé Safurat wà. Tó bá di Sátidé, á wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn ẹja lè dín kù, á wá gba Àpápá GRA lọ sí kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á sì kọ ímeèlì sí Safurat láti àárín òkun. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Safurat ń ṣe ní wọ́ọ̀fù, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló sì fi ń ka ímeèlì tirẹ̀.

Sátidé tí à ń wí yìí, lọ́dún 1999, ó kọ ọ́ pé yìnyín ti bo irùngbọ̀n òun dé àyà. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó tẹ àgbélébùú kékeré tó wà ní igun òkè, ojú ìwé sì pa dé. Ó dìde. Nítorí kápẹ́ẹ̀tì pupa inú kàfé náà, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo èèyàn ń bọ́ bàtà sí. Ibi tó ti ń wá sílípáàsì rẹ̀ ni Onome, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, ti bi í bóyá ó ti ṣe sáìn-áòtì. Ó ní òun ti pa á dé.

"Ọ̀gá, close no be lock o," ni Onome wí. "Tẹ́ ẹ bá lọ láì ṣe sáìn-áòtì, ẹ̀rọ yẹn á ṣì máa rò pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún ṣí i, inú lẹ́tà yín ló máa bá ara ẹ̀."

Ìsìmáílà ju sílípáàsì sílẹ̀. Ó fẹ́ sáré padà sídìí ẹ̀rọ kẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, àmọ́ ó gbọ́ ohùn kan lórí àtẹ̀gùn. Ohùn Safurat ni. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sì wà. Kíá ló sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Ó gbọ́ tí Safurat ń sọ fún Onome pé tẹlifóònù ọ́fíìsì àwọn ti kú láti Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ò sì rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò mọ́, pé òun wá ka lẹ́tà àfẹ́sọ́nà òun. Onome ní ẹ̀rọ kẹta nìkan ló ṣófo. Àyà Ìsìmáílà ń lù débi pé àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní Àpápá ti ń fọn fèrè dá a lóhùn. Òógùn tó bò ó tó láti rẹ gààrí gbogbo Ajégúnlẹ̀. Òun tó máa ń ṣépè tí iná bá lọ, ó ń bẹ Ọlọ́run kí iná lọ. Iná ò ṣẹ́jú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni Safurat pe Onome, "mi ò tíì kọ orúkọ mi, ẹ̀rọ yìí ti ń kí mi káàbọ̀. Ó ń pè mí ní Kápútéènì Ìsìmáílà."

Onome ní ẹni tó lò ó kẹ́yìn ni kò ṣe sáìn-áòtì, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Tí èèyàn bá ṣí i nínú ọkọ̀ lójú òkun, ṣé ó lè hàn níbí?"

"Rárá o. Ẹ̀rọ téèyàn fọwọ́ kàn nìkan ló ń rántí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìjókòó yẹn, ó ṣì gbóná."

Ó wu Ìsìmáílà kó fi eyín tó kù bu Onome jẹ. Safurat ṣí lẹ́tà, ó ń kà á jáde díẹ̀díẹ̀, yìnyín, irùngbọ̀n, gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sylvanus bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Safurat ò rẹ́rìn-ín.

"Oṣù mẹ́fà," ló wí, "ni mo fi ń bẹ bàbá mi pé kí wọ́n ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìsìmáílà lára ju gbogbo ẹ̀rín Sylvanus lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde wá dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti gbé ẹsẹ̀ kọ́tìnnì sókè, ẹsẹ̀ méjì yọ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ìpẹ́ ẹja sì ń dán láàárín ìka wọn bíi góòlù. Safurat wo ẹsẹ̀ yẹn pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, "ẹ" ló fi bá a sọ ọ́, òun tó máa ń pè é ní ìwọ.

"Kápútéènì, ẹ jáde wá fi eyín fa kọ̀ǹpútà yìí lọ sí Hamburg."

Ìsìmáílà fò jáde tòun ti kọ́tìnnì lọ́rùn. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ sílípáàsì ara rẹ̀, ó ki èkejì bọ bàtà Safurat, kò sì tẹ ju àtẹ̀gùn méjì lọ tó fi dé ìsàlẹ̀. Ó ya àwọn tírélà sílẹ̀ lójú títì bí ẹni pé wọ́n dúró sójú kan. Onome yọ orí lójú fèrèsé, ó ń pè é pé kò tíì ṣe sáìn-áòtì, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.