Ibi Tí Bàbá Ń Sùn Nínú Bọ́ọ̀sì

Omi ló yí bọ́ọ̀sì náà ká lójú àlá Ìbídùn. Kì í ṣe omi tó ń ṣàn. Omi tó dákẹ́ ni, ó funfun bí ìkùukùu, ó sì lọ títí débi tí ojú ò lè tó. Kò sí ọ̀nà, kò sí igi, kò sí ilé aládùúgbò kankan. Àwọn àga tí ọkọ rẹ̀ tú síta lánàá ti padà sáyè wọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bíi pé èrò fẹ́ wọlé.

Bàbá rẹ̀ wà níwájú, wọ́n ń nu gíláàsì.

Bí wọ́n ṣe máa ń nu ún nígbà tí wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ náà láti Ìkirè sí Ìbàdàn ni: wọ́n á mí sí i, wọ́n á fi àkísà tútù nu ún yíká, wọ́n á wá fa ọrùn sẹ́yìn wò ó bóyá ó ti mọ́. Búbá aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn. Ìbídùn mọ̀ pé wọ́n ti kú. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin wọ́n. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò bà á. Ìtìjú ló mú un.

Nígbà tí òjò wó ilé bàbá náà, tí kò ku nǹkan kan nínú ọgbà wọn ju ògbólógbòó bọ́ọ̀sì tí kò rìn mọ́ yìí, wọ́n pè é lórí fóònù ní Ìbàdàn. Wọ́n fi oríkì rẹ̀ pè é, wọ́n ní, "Àbẹ̀jẹ́, ṣé mo lè wá bá yín gbé títí òjò á fi dá?" Yàrá méjì ni Ìbídùn àti Akínṣọlá ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọn. Ó ní, "Bàámi, kò sáyè ni. Ẹ jẹ́ ká fi sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn." Bàbá ní kò burú. Wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, Ìbídùn náà ò sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bọ́ọ̀sì ṣáà ní òrùlé. Inú rẹ̀ ni bàbá ń sùn títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, inú rẹ̀ náà ni wọ́n kú sí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Nígbà tó yá, onílé ta ilé tí Ìbídùn àti ìdílé rẹ̀ ń gbé mọ́ wọn lórí. Ni wọ́n bá kó ẹrù wá sí Ìkirè, wọ́n ń fi pákó àti ọ̀dà sọ bọ́ọ̀sì bàbá di ilé.

"Bàámi," ó rọra pè wọ́n, "ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣé, Àbẹ̀jẹ́." Wọn ò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú pé a ń tú ọkọ̀ yín."

"Ọkọ̀ tí kò rìn mọ́." Wọ́n fún omi inú àkísà náà dànù. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Bísóyè ló kun ilẹ̀kùn."

"Mo rí i. Ó kùn ún dáadáa."

Ìbídùn fẹ́ sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Bàbá ń nu àwọn fèrèsé lọ sẹ́yìn, wọ́n kọjá lára rẹ̀, òórùn ọṣẹ dúdú wọn sì fẹ́ sí i nímú. Nídìí fèrèsé tó gbẹ̀yìn, wọ́n dúró. Ibẹ̀ nìkan ni omi ti ń yọ́ wọlé, lábẹ́ rọ́bà tó di gíláàsì mú. Wọ́n fi àkísà dí i bí ẹni tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ẹ má tẹ́ àwọn ọmọ síbí o," wọ́n ní. "Bí òjò bá ti ìhà yìí wá, kì í jẹ́ kéèyàn sùn."

Ìbídùn ń retí kí wọ́n sọ ìyókù. Wọ́n kàn tún tẹ àkísà náà mọ́ ibẹ̀.

Ìró òòlù ló jí i. Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀bu pákó ti kún ẹní tó sùn lé. Akínṣọlá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mọ́ ìdí fèrèsé tó gbẹ̀yìn.

Ìbídùn dìde, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rọ́bà náà. Irin ibẹ̀ ti dípẹtà, ó ń rún sí i lọ́wọ́.

"Bàbá Bísóyè, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú. Ibí ń jò."

"Òjò ò tíì rọ̀ látìgbà tá a ti dé. Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń jò?"

Ìbídùn gbọn irin tó rún náà kúrò lọ́wọ́.

"Bàámi ni," ó ní. "Ibí ni wọ́n ń sùn. Wọ́n bẹ̀ mí nígbà yẹn pé kí n jẹ́ kí àwọn wá bá wa gbé. Mo ní kò sáyè. Mi ò sọ fún yín."

Akínṣọlá rọra gbé òòlù sílẹ̀, ó jókòó sórí pákó. Kò bá a wí. Ó bi í pé ìhà wo ni bàbá máa ń kọrí sí bí wọ́n bá sùn síbẹ̀.

Ìbídùn ò mọ̀. Kò wá wò wọ́n níbẹ̀ rí.